Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó àti Ọ̀rọ̀ Ètùtù Kan Ṣoṣo

 Lónìí a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti sùn láti ọdún 1906, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a sùn. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gun òkè díẹ̀.

Ẹni tí ó bá dé Ìdánrè yóò gbé ojú sókè kí ó tó mọ̀ pé òun gbé e, nítorí àpáta ni ó yí ìlú náà ká bí odi. Orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn ará Ìdánrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí nwọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà á, kí ó gun àtẹ̀gùn gígùn náà dé òkè. Yóò rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, yóò rí ibi tí a sin àwọn ọba sí, yóò rí ilé ẹjọ́ àtijọ́; yóò sì rí ibi ilé ìwé kan tí àwọn Kristian dá sílẹ̀ li ọdún 1896.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé ìwé míṣọ́n, tí ó jẹ́ pé kálámù ni a fi ń jẹun, kò lè gbọ́ nípa irú ibẹ̀ kí a má bi ara wa léèrè ohun tí ó lè mú kí ènìà ru síléètì àti ìwé gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe A B D nìkan ni nwọ́n gbé gun òkè. Nwọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìdí gbogbo ẹ̀kọ́ wọn: pé ẹnìkan ti ru ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo aiyé, pé kò sí ẹlòmíràn tí ó tún níláti kú nítorí rẹ̀ mọ́. Lónìí, ọmọdé ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí li àkọ́sórí, ó ń gba ẹ̀bùn li ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní ìhà Oǹdó àti Ìdánrè ní ìgbà náà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Kí a ba lè mọ bí ó ti wúwo tó, ìtàn ẹni tí ó gbé e dúró ní Oǹdó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tí ó sì wà lórí oyè Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí a dá ilé ìwé Ìdánrè sílẹ̀, ni a óò sọ. Charles Phillips ni orúkọ rẹ̀.

A bí Charles Phillips li ọdún 1847. Ọmọ Sàró ni, èyí ni pé ó wá láti inú àwọn tí a ti kó lẹ́rú nílẹ̀ wa, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì sọ̀ sí Sàró kí nwọ́n tó padà wá sílé. Bàbá rẹ̀ pàápàá ń jẹ́ Charles Phillips, ó sì jẹ́ olùkọ́ni nínú ìjọ C.M.S. ní Ìjàyè, níbi tí òun àti Àlùfáà Mann, ọmọ Jámánì, ti jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀nyin tí ẹ mọ ìtàn mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà li ọdún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti tẹríba fún Adélù, ọmọ ọba, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Li ọdún 1860 ogun bẹ́, ìyàn mú, àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sọfà nítorí oúnjẹ, nígbà tí ó sì di oṣù March ọdún 1862, Ìjàyè túká, àwọn ará rẹ̀ sì di ẹrú ní gbogbo ìhà. Charles kékeré kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀nyin ènìà wa: ogun tí ó fọ́ ìlú tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ jẹ́ ogun tí ó dìde lórí ìbéèrè yìí gan-an, bóyá ó yẹ kí ènìà kú nítorí ikú ẹlòmíràn. Ìbéèrè náà kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lábẹ́ C.M.S., ó di olùkọ́, ó sì gba oyè iṣẹ́ àlùfáà. Li ọdún 1877, nígbà tí ó di ẹni ọgbọ̀n ọdún, nwọ́n rán an lọ sí Oǹdó.

Kò dàbí pé kí ènìà wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí ó sì dé ibẹ̀ ní ọ̀sán. Oǹdó wà nínú igbó kìjikìji. Ìjà abẹ́lé ti lé àwọn ará ìlú náà kúrò nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Li ọdún 1872 ni Glover, gómìnà Èkó, ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sí ìlú wọn, nítorí ó ń wá ọ̀nà tí òwò Èkó yóò fi dé òkè láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, tí nwọ́n máa ń sé ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí nwọ́n sì ń gba inú igbó gòkè lọ sí Oǹdó, kí nwọ́n tó kọjá sí Iléṣà àti Ekìtì. Ọ̀nà òwò ni ó di ọ̀nà ìhìnrere. Àlùfáà David Hinderer, òyìnbó tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn li ọdún 1853, ni ó ti tọ ọ̀nà náà ṣáájú ní ìgbà ogbó rẹ̀. Phillips ni ó wá jókòó tì í.

Ọ̀ṣemàwé àti àwọn ìjòyè kò lé e. Nwọ́n rí i pé ọmọ ilẹ̀ wa ni, pé ó gbọ́ èdè, pé ó mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Nwọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ ní Èkó kò ní ṣe aláìní ọjà. Nwọ́n fún un ní àyè láti kọ́lé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi rí ohun tí ń bẹ nínú ìlú.

Nígbà náà, bí ọba tàbí ìjòyè ńlá kan bá kú, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń lọ. A ń pa ẹrú tì í, kí ó má bàa dá nìkan rìn ọ̀nà ọ̀run láìní ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀. Ó sì tún ní àkókò tí a ń fi ènìà rúbọ nítorí àlàáfíà ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bú Oǹdó nìkan. A ti ṣe irú rẹ̀ ní ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá àti ní òde rẹ̀, àwọn òyìnbó pàápàá sì ṣe é ní aiyé àtijọ́ tiwọn. Ìròhìn tí Phillips ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn olórí C.M.S. ní London, tí nwọ́n ṣì wà ní ìpamọ́ títí di òní, kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà.

Li ọdún 1899 Àlùfáà James Johnson ti Èkó, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù li ẹhìn èyí, tẹ ìwé kan jáde nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá. Nínú rẹ̀ ó ṣe àlàyé bí a ti ń ṣe ẹni tí a fẹ́ fi rúbọ. Ó lè jẹ́ ẹrú, ó lè jẹ́ ọmọ bíbí. A ó tọ́jú rẹ̀, a ó bọ́ ọ dáradára títí ọjọ́ yóò fi pé. Li ọjọ́ náà, a ó da eérú sí i lórí, a ó fi ẹfun kùn ún lójú kí a má bàa dá a mọ̀, a ó sì fà á la òpópó ìlú já. Àwọn ènìà yóò sáré jáde láti inú ilé wọn, olúkúlùkù yóò gbé ọwọ́ lé e, kí ó ba lè di ẹrù ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn, ìyọnu àti ikú tirẹ̀ rù ú. Li ẹhìn náà ni a ó mú un lọ sí igbó tí a ti ń rúbọ.

Ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀nyin òǹkàwé wa. Ìlú tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀. Ìlú tí ẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ́rù bà ni. Nwọ́n mọ̀ pé ẹ̀bi jẹ́ ẹrù, pé ẹrù sì ń fẹ́ orí tí yóò rù ú. Nwọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè sọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní kìkì pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú níbẹ̀ kò ju èyí lọ, pé ẹni tí a di ẹrù náà rù kò gbà láti rù ú. A mú un ni. Ẹnìkan bí i; ìyá kan wà ní ìlú mìíràn tí ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn alájàpá bóyá nwọ́n rí ọmọ òun.

Irú àwọn tí ọ̀ràn yìí ń bà lẹ́rù ni Phillips ń sọ̀rọ̀ fún nígbà tí ó bá ń wàásù. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí nwọ́n ràn án lọ́wọ́ parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa li ọdún 1884. Nígbà tí nwọ́n dé ibi tí a gbé sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ọlọ́run, nwọn kò lọ yá ọ̀rọ̀ àjèjì. Nwọ́n mú ètùtù, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀, ohun tí a fi ń tu ẹni tí inú ń bí lójú, tí a fi ń sọ gbígbóná di tútù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Oǹdó tí ó gbọ́ pé Kristi ni ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ wa kò níláti bèèrè ohun tí ètùtù í ṣe. Ó ti rí i li òpópó. Ohun tí ó kù fún un láti bèèrè ni pé, tani a fi ṣe é, tani ó sì fi í ṣe.

Ẹ̀kọ́ náà rìn báyìí nínú Ìwé Mímọ́. Nínú òfin Mose, ní ìwé Léfítíkù orí kẹrìndínlógún, a pàṣẹ pé kí a mú ewúrẹ́ méjì wá li ọjọ́ ètùtù ọdọọdún. A ó pa ọ̀kan. Lórí èkejì, olórí àlùfáà yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e, yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo Ísráẹ́lì, a ó sì fà á lọ sí aginjù kí ó má padà mọ́. Ẹ wò bí ó ti jọ ohun tí Johnson kọ sílẹ̀! Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹran ni, kì í ṣe ènìà. Li ẹhìn náà ni wòlíì Ìsáíà sọ nípa ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí a ó di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìà rù, tí kò ní ya ẹnu rẹ̀. Johanu Onítẹ̀bọmi nàka sí Jésù, ó sì pè é li ọ̀dọ́-àgùntàn tí ń kó ẹ̀ṣẹ̀ aiyé lọ. Àpósítélì Peteru kọ̀wé pé lórí igi ni ó ti fi ara rẹ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ẹni tí ó kọ ìwé sí àwọn Hébérù sì fi èdìdì dì í: àwọn àlùfáà àtijọ́ ń rúbọ lọ́dọọdún nítorí pé ẹbọ wọn kò tó, Kristi rú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ jù li Oǹdó ni lẹ́ẹ̀kan yìí. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ẹbọ náà ti parí, a jẹ́ pé ẹrú tí a so mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ìjòyè kò ní ìdí kankan láti kú. Ẹnìkan ti kú ikú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ó sì sáré wọ ilé Ọlọ́run. Ọmọ ìjọ kò pọ̀ li àkọ́kọ́, àwọn tí nwọ́n sì wá rí ìyà lọ́wọ́ ará ilé wọn. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kì í ṣe òpè. Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Báwo ni a ó ṣe gé ìka ẹni tí kò ṣẹ̀, tí a ó sì fi ẹni tí ó ṣẹ̀ sílẹ̀? Títí di òní, ọlọ́gbọ́n kò rí ìbéèrè tí ó le ju èyí lọ láti bi Kristian.

Ní tiwa, ohun mẹ́ta ni a rí níbẹ̀. Èkíní, òwe náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pa á kò tẹ̀lé e. Ẹrú tí a pa tì ìjòyè kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a da eérú lé lórí kò dá ọ̀ràn ìlú. Ìka tí kò ṣẹ̀ ni a ń gé láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Èkejì, Jésù kì í ṣe ẹni tí a mú lójú ọ̀nà. Ó mọ ibi tí ó ń lọ, ó sì lọ. Àyè wà fún un láti sá, kò sá. Ẹ̀kẹta ni ó sì jinlẹ̀ jù: gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìjọ, ẹni tí ó kú náà kì í ṣe ẹnìkẹta tí a fà wọ inú ẹjọ́ tí kò kàn án. Ọmọ Ọlọ́run ni, òun àti Baba jẹ́ ọ̀kan. Ìka tí a gé, ìka ọba ni. Ọba tí ó ní àṣẹ láti gé tiwa ni ó na tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀nyin oníṣòwò yóò mọ ohun tí a ń wí. Bí ẹnìkan bá jẹ yín ní ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, tí kò sì lè san án, tí ẹ sì dárí gbèsè náà jì í, ǹjẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́ùn náà ti fò lọ sí ojú ọ̀run bí? Rárá. Àpò yín ni ó ti jáde. Àwa akọ̀wé tí ń ṣe ìṣirò mọ̀ pé òfò kì í nù láìní ojúewé. Ìwé ẹnìkan ni a ó kọ ọ́ sí. Kò sí ìdáríjì tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Ìwọ̀fà kì í bọ́ lóko olówó rẹ̀ nítorí pé ó sunkún. Ó ń bọ́ nígbà tí ẹnìkan bá san owó náà, tàbí nígbà tí olówó tìkára rẹ̀ bá gba òfò náà sí ọrùn. Ohun tí ìjọ ń sọ nípa àgbélébùú ni pé olówó tìkára rẹ̀ ni ó gba òfò náà.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀, nítorí pé ìtàn tí ó bá ń yin Kristian nìkan kì í ṣe ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí nwọ́n ń kọrin pé a ti san gbèsè wọn ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé. Kì í ṣe ọmọ ìjọ lásán nìkan. Ó wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pẹ̀lú. Li ọdún 1880 àwọn C.M.S. ṣe àpérò ní Èkó lórí ọ̀ràn náà, a sì fi dandan lé e pé òṣìṣẹ́ ìjọ kò gbọdọ̀ ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà mọ́. Àríyànjiyàn pọ̀, àwọn kan wí pé a ó ba ilé àwọn ènìà jẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ẹlòmíràn ti ru ẹrù òun yóò ṣe máa di ẹrù ru ọmọ ẹlòmíràn? Ìwàásù tí kò bá kọ́kọ́ wọ ilé oníwàásù kò lè wọ ààfin.

Iṣẹ́ Phillips kò mọ sí inú ilé Ọlọ́run. Láti nǹkan bí ọdún 1878 ni ogun ti ń jà láàárín Ìbàdàn àti Ekìtìparapọ̀, ogun tí a ń pè ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà àti Ekìtì kò fẹ́ sin Ìbàdàn mọ́. Ìbàdàn kò fẹ́ jọ̀wọ́ wọn. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń dàgbà nínú bùdó ogun. Ààrẹ Látòósà pàápàá kú sí ibùdó náà li ọdún 1885. Li ọdún 1886 Moloney, gómìnà Èkó, wá ẹni tí àwọn ọba àti balógun lè gbà gbọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ. Ó yan àlùfáà méjì, ọmọ ilẹ̀ wa: Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, lọ sí ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, Charles Phillips sì lọ sí ìhà Ekìtìparapọ̀.

Ẹni tí ó bá ń là ìjà máa ń gba ẹ̀ṣẹ́ láti ìhà méjèèjì. Bí ó bá sọ òótọ́ fún ìhà kan, nwọn ó ní alámì ni; bí ó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìhà kejì, nwọn ó ní a ti rà á. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì lọ, nwọ́n bọ̀, nwọ́n tún lọ. Li ọjọ́ 4 oṣù June ọdún 1886, a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Li oṣù September, àwọn ìránṣẹ́ ìjọba dé Kírìjì, a kéde àlàáfíà li ọjọ́ 23, àwọn ọmọ ogun sì fi iná sun àgọ́ wọn, nwọ́n yà sílé. Ọ̀ràn ogun náà kò tán pátápátá títí di ọdún 1893, ṣùgbọ́n ìpànìyàn ńlá ti Kírìjì dáwọ́ dúró. Ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Phillips gbé lọ́rùn. A kò sọ pé ó jẹ́ Kristi. A sọ pé ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé.

Àjàyí Crowther kú li ọjọ́ tí ó gbẹ̀hìn ọdún 1891. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ń retí pé ọmọ dúdú ni yóò jókòó sí ipò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kan, Hill, ni a fi ṣe Bíṣọ́ọ̀bù. A sì fi ọmọ ilẹ̀ wa méjì, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ṣe Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́. Ilé Ọlọ́run ńlá ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní London ni a ti yà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mímọ́ li ọjọ́ 29 oṣù June ọdún 1893. Ibà pa Hill àti aya rẹ̀ ní Èkó li oṣù January ọdún 1894, kí nwọ́n tó lè mọ ilẹ̀ dáradára. Oyè igbákejì dun ọ̀pọ̀ ènìà, ẹ̀dùn náà sì ní ìdí. Phillips ní tirẹ̀ padà sí Oǹdó.

Láti Oǹdó ni ó ti ń bojútó iṣẹ́ tí ó ń tàn kálẹ̀ nínú igbó àti lórí òkè ilẹ̀ ìlà-oòrùn Yorùbá. Ọdún mẹ́ta li ẹhìn tí ó gba oyè ni ilé ìwé orí òkè Ìdánrè bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yìí pẹ̀lú ni ọ̀gbìn kókò ń ràn, àwọn Kristian sì wà nínú àwọn tí nwọ́n kọ́kọ́ gbà á. Ìhà Oǹdó àti Ìdánrè sì di ilẹ̀ kókò tí gbogbo aiyé mọ̀.

Ìfi-ènìà-rúbọ rẹ̀hìn. Kí a máa ṣe òótọ́: ìwàásù nìkan kọ́ ni ó mú un kúrò. Àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń gbòòrò láti Èkó, bá a wí pẹ̀lú pàṣán. Àwọn ìjòyè kan fi í sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, àwọn kan nítorí òwò. Ṣùgbọ́n pàṣán lè dá ọwọ́ dúró. Kò lè tu ọkàn tí ń bẹ̀rù lára. Bí a bá gba ẹni ẹbọ lọ́wọ́ ìlú, tí a kò sì wí fún un ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí, yóò wá òru mìíràn láti ṣe é. Àwọn bí Phillips ni nwọ́n fún ìlú ní ohun tí yóò dípò rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips kú li ọdún 1906, ó fẹ́rẹ̀ tó ọgọ́ta ọdún. Lára àwọn ọmọ rẹ̀ ni Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídrà Krístì ní Èkó, tí ó sì kọ́ ìjọ bí a ti ń fi ohùn Yorùbá kọrin sí Ọlọ́run láìyí ọ̀rọ̀ wa lóhùn dà.

Kíni ìtàn yìí wá fi kan wa? A rò pé ó kàn wá púpọ̀. Kò sí ẹni tí a ń da eérú lé lórí la òpópó já lónìí. Ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ nípa àwọn tí nwọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí owó, tí nwọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wá ọlà fún ara wọn. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ lè ka Bíbélì. A sì ní àwọn èyí tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù dínkù, a ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ìwé ọ́fíìsì kò ṣe déédéé, akọ̀wé kékeré ni a ó fi ṣe ètùtù fún ọ̀gá. Ọmọ kú nínú ilé, a nàka sí arúgbó obìnrin tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára ni a ṣì ń wá gbé ọwọ́ lé.

Àwa pàápàá tí a ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ wa kò mọ́. A ti jókòó nídìí tábìlì rí, a sì ti jẹ́ kí ẹ̀bi tí a mọ̀ pé ó jẹ́ tiwa kọjá lọ sí orí ẹlòmíràn, a sì dákẹ́. Ó yá láti gbàgbọ́ pé Kristi ru ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ó le láti gbé ayé bí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ẹni tí ó bá gbà pé a ti ru ẹrù òun kò tún ní ìdí láti wá ẹni tí yóò dì í rù. Ó lè dìde kí ó wí pé èmi ni mo ṣe é, kí ilẹ̀ má sì la ẹnu gbé e mì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gun òkè Ìdánrè, kí ó dúró díẹ̀ níbi ilé ìwé ọdún 1896 náà kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Kí ó rántí ọkùnrin Oǹdó náà, kí ó sì rántí àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí a fi eérú àti ẹfun bò lójú kí a má bàa dá wọn mọ̀. Òun kò gbàgbé wọn. Kí àwa náà má ṣe gbàgbé.